Ọbẹ̀ Àtẹ́ ní Ilé Oyèbísí

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé obì gbànja wá bá Oyèbísí ní Ìlá láyé ìgbà náà, kí onítọ̀hún má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í búra. Ìbúra kì í wọ̀ ọ́ létí. Yóò ti ọwọ́ bọ inú agbọ̀n, kì í ṣe òkè níbi tí àwọn àgbẹ̀ máa ń to èyí tó ń dán sí, ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Yóò fa ẹyọ kan yọ, yóò fi eyín iwájú gé e lára, yóò rún un díẹ̀díẹ̀, yóò sì gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ láti orí àjà. Nígbà tó bá gbójú wálẹ̀, yóò sọ bóyá òjò pa obì náà nílẹ̀ kí wọ́n tó kó o, bóyá omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí kò mọ́, bóyá kòkòrò ti ń gbèrò àtiwọ inú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Ọ̀rà a máa bú u lẹ́yìn, wọn a sì tún ru obì padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, nítorí kì í rẹ́ ẹni tó bá ṣòótọ́ jẹ.

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ìyá yẹn ló kọ́ ọ bí a ti ń bó obì láìha á lára, bí a ti ń fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n, àti bí a ti ń fi eyín mọ èyí tó dára. Ohun kan tún wà tí ìyá náà mú kí Oyèbísí ṣe ìlérí rẹ̀, pé kò ní í máa jẹ ọjà tó ń tà. Oyèbísí sì mú ìlérí náà ṣẹ. Bí àlejò bá wá tí wọ́n pa obì, yóò gba awẹ́ tirẹ̀, yóò dúpẹ́, yóò sì fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé olóbì yìí kì í jẹ obì. Èyí tó ń tọ́ wò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀, nítorí iṣẹ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ náà sì gbè é. Agbọ̀n tó bá ti fi eyín yẹ̀ wò tán, àkísà aláró ló fi ń so ó lẹ́nu, àwọn Gàḿbàrí tó ń rà á ní Òkè Ọya kì í sì í tú agbọ̀n tó bá ní àkísà aláró lẹ́nu wò kí wọ́n tó gbé e. Òun náà ló fi tọ́ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ọlátúbọ̀sún, lẹ́yìn tí bàbá ọmọ náà kú, títí ọmọ fi kàwé tó sì di akọ̀wé ìjọba ní Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń wá ìsàlẹ̀ agbọ̀n kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara rẹ̀ a máa tètè fu. Oyèbísí kò rí ènìyàn rẹ́rìn-ín kó má bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀rín náà. Bí aládùúgbò bá kí i ju bó ṣe yẹ lọ, á ṣọ́ ilé rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àlùfáà ìjọ wọn gan-an gbàdúrà fún un nígbà kan láìjẹ́ pé ó bẹ̀ ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ẹni tó lọ sọ nǹkan fún àlùfáà nípa òun.

Ẹ wá wo irú ilé bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó ọmọ kó dé. Ọdún kejì tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn ọmọdé ti kún ilé ìwé bí eéṣú, wọ́n sì ń wá olùkọ́ lójú méjèèjì. Bernice, ìyàwó Ọlátúbọ̀sún, ọmọ Ọ̀tan Ayégbajú, ni wọ́n gbé wá sí Ìlá láti máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ọkọ rẹ̀ ní kò sí ìdí tí yóò fi gba ilé níbòmíràn nígbà tí ìyá òun wà níbẹ̀. Bernice kó dé pẹ̀lú àpótí kan àti ìwé rẹpẹtẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dáadáa. Láàárọ̀ á kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, á gbálẹ̀, á pọnmi, á se oúnjẹ sílẹ̀ kó tó lọ sílé ìwé. Bí Oyèbísí bá jágbe mọ́ ọn, á ní "Ẹ má bínú, Màmá." Kò fajú ro, kò sì ráhùn. Ẹ̀rù ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ba Oyèbísí. Ó ti wá ìsàlẹ̀ agbọ̀n yìí títí, kò tíì rí i.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àìsàn àyà Oyèbísí bẹ̀rẹ̀. Ìgbà obì ni, agbọ̀n ń wọlé léra léra, ó sì jókòó lábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé pẹ̀lú Àbẹ̀ní, obìnrin tó ń bá a bó obì láti ọdún pípẹ́. Lójijì ni nǹkan kan fò nínú àyà rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ lù, ó dúró, ó sáré, ó tún dúró, bí ìgbà tí ẹni méjì bá ń gún iyán nínú odó kan tí ọwọ́ wọn kò bá ara mu. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó di òpó àtíbàbà mú títí ó fi rọlẹ̀. Ó sọ fún Àbẹ̀ní pé oòrùn ni. Ṣùgbọ́n ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ó sì tún ṣẹlẹ̀, àárẹ̀ tí kò mọ̀ rí sì ń mú un lẹ́yìn rẹ̀ débi pé àtidìde fún ìwẹ̀ di iṣẹ́.

Ó jókòó ro ó. Kí ló yí padà nínú ayé òun? Omi kan náà ló ń mu, ilé kan náà ló ń gbé, iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti kékeré náà ló ń ṣe. Oúnjẹ nìkan ló ti ọwọ́ òun bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èrò náà wọ inú rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kọ́kọ́ ń bu ọbẹ̀ Bernice fún ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé, á sì jókòó máa wo ẹran náà bí ẹni ń wo aláìsàn. Ewúrẹ́ jẹ iyán, ó lá abọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ìyẹn kò tu Oyèbísí nínú rárá. Ohun tí wọ́n bá fi orúkọ ènìyàn ṣe, kí ló kan ewúrẹ́? Ó tún wá kíyè sí i pé lọ́jọ́ tí òun bá lọ ra obì l'Ọ̀rà, tí òun kò tọ́ ohun kankan wò nínú ilé, àyà náà ń ṣe é lọ́nà. Ẹlòmíràn ì bá fi ìyẹn dá Bernice sílẹ̀. Oyèbísí ní ọwọ́ ọmọ náà ló gùn tó bẹ́ẹ̀.

Bernice ló kíyè sí i pé ìyá ọkọ òun ń fi ọwọ́ tẹ àyà bó bá ń gun àtẹ̀gùn, òun náà ló sì bẹ̀ ẹ́ títí tí wọ́n fi wọ ọkọ̀ lọ rí dókítà òyìnbó ní ilé ìwòsàn míṣọ́n kan tó jìnnà díẹ̀. Dókítà gbé etí lé àyà Oyèbísí pẹ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú ní ọrùn ọwọ́, ó ń wo aago. Lẹ́yìn náà ni òun àti Bernice bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gẹ̀ẹ́sì. Oyèbísí ń wo ẹnu wọn. Bernice yí padà sí i, ó ní dókítà ní ọkàn ìyá ń ṣi ẹsẹ̀ gbé, kò rìn geere mọ́, pé oògùn oníhóró wà fún un, ṣùgbọ́n oògùn nìkan kò tó. Kí ìyá dín iyọ̀ kù gan-an, kó máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, nítorí ohun kan wà nínú wọn tí ọkàn nílò kó tó lè máa lù déédéé. Kó máa sinmi lọ́sàn-án. Kó má ru ẹrù mọ́, kó máa rìn níwọ̀nba. Kó jìnnà sí ọtí àti tíì dúdú. Dókítà sì béèrè bóyá ìyá máa ń jẹ obì.

Oyèbísí rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Bernice sọ fún òyìnbó pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kì í jẹ obì. Bernice sọ ọ́, òyìnbó tún sọ̀rọ̀ díẹ̀, Bernice sì fi nǹkan kún un ní gẹ̀ẹ́sì. Dókítà mi orí, kò sì béèrè mọ́.

Nǹkan tí Bernice fi kún un yẹn ni Oyèbísí ń gbé kiri inú ara rẹ̀ bí wọ́n ti ń padà bọ̀. Kí ni ó sọ? Bí wọ́n sì ti dé ilé, ìyà bẹ̀rẹ̀. Ọbẹ̀ egúsí dé láìsí iyọ̀. Ẹ̀fọ́ dé láìsí iyọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń tan ọmọ tó ń sunkún ni wọ́n gbé ka iwájú àgbàlagbà obìnrin láàárọ̀. Ọmọ tuntun, ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ni wọ́n ti fi iyọ̀ sí i lẹ́nu kí ayé rẹ̀ lè dùn. Ta ni ẹni tó ń yọ iyọ̀ lẹ́nu àgbà, kí ló sì fẹ́ kí ayé onítọ̀hún dà? Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ ohun tí òyìnbó sọ, ẹni náà ló ń se ọbẹ̀. Bí òyìnbó bá ti sọ pé kí wọ́n máa fún un ní ẹran àti iyọ̀ dáadáa ńkọ́? Oyèbísí gbà pé wọ́n ti ta òun fún ikú ní èdè tí òun kò gbọ́.

Oògùn oníhóró náà, ó ń lò ó, nítorí ọwọ́ dókítà fúnra rẹ̀ ló ti gbà á. Ṣùgbọ́n oúnjẹ, á jẹ díẹ̀ fi tan Bernice, á da ìyókù nù. Ebi wá ń pa á lábẹ́ àtíbàbà. Obì tó bá tọ́ wò sì máa ń pa ebi náà, nítorí náà, láìmọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ wò dáadáa sí i.

Ìgbà ìsinmi ilé ìwé dé, Bernice lọ kí àwọn òbí rẹ̀ l'Ọ̀tan. Bó ti ń lọ ni eyín Oyèbísí ń wú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ga, kò lè rún ohunkóhun, ẹ̀kọ gbígbóná ló ń mu, Àbẹ̀ní ló sì ń bá a ṣe gbogbo iṣẹ́ ẹnu nídìí agbọ̀n. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ń lù kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, geere, bíi ti ọmọbìnrin. Ó sùn, ó jí, ó gbálẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, nítorí ohun tó ń wá ti wá hàn kedere. Bernice lọ, àìsàn lọ. Nígbà tí ìsinmi parí tí Bernice dé pẹ̀lú iṣu tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́, eyín ti san, Oyèbísí ti padà sídìí agbọ̀n. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọkàn rẹ̀ tún ti ń gún iyán ẹlẹ́ni méjì. Lọ́jọ́ kan, bó ti ń bọ̀ láti Ọ̀rà, ó jókòó lójijì sẹ́bàá ọ̀nà, òógùn tútù bò ó, ó sì rò pé ibẹ̀ ni òun yóò kú sí, láàárín koríko, láìsí ojúlùmọ̀ kan nítòsí. Ẹ̀rù ba obìnrin tí ẹ̀rù kì í bà.

Nígbà náà ló ránṣẹ́ sí Ọlátúbọ̀sún pé bó bá ti ń bọ̀ wálé fún ìkórè, kó múra àtidá ìyàwó rẹ̀ padà sí Ọ̀tan.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè ni wọ́n jókòó. Bàbá Babáyẹmí, ẹ̀gbọ́n ọkọ Oyèbísí àti olórí ẹbí, wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ọlátúbọ̀sún ti ti Ìbàdàn dé, ó fajú ro. Abẹ́ àtíbàbà ni wọ́n jókòó sí, nítorí Oyèbísí ní òun kò lè dìde nídìí obì, àwọn agbọ̀n gbọ́dọ̀ di síso lọ́jọ́ yẹn, Ọjọ́ Ìsinmi kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́, lọ́rì yóò sì dé láàárọ̀ Mọ́ńdé. Àbẹ̀ní ń bó obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bernice kúnlẹ̀ sórí ẹní, kò mọ ohun tí wọ́n pè é fún.

Oyèbísí sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láì fi ohùn sókè. Ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró bó ti ń sọ ọ́, á fa obì, á gé e lára, á rún un, á sọ gbólóhùn kan, á ju obì sí apá ọ̀tún tàbí apá òsì. Ó sọ ti ọbẹ̀ àtẹ́. Ó sọ ti gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sọ lé òun lórí. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹjọ́ tó gbójú lé jù jáde, pé ọ̀sẹ̀ tí ọmọ yìí fi wà l'Ọ̀tan, ara òun dá ṣáṣá, pé bó ti fẹsẹ̀ kan ilé ni àìsàn tún dé. Ó ní òun kò pe ẹnikẹ́ni ní apànìyàn, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kú.

Bàbá Babáyẹmí wo ilẹ̀ títí, ó ní ọ̀rọ̀ náà wúwo, ó sì dàbí ẹni pé kí ìyàwó lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ná. Ọlátúbọ̀sún kò gbé orí sókè. Gbogbo wọn mọ̀ pé obìnrin tí wọ́n bá dá padà sílé baba rẹ̀ lórí irú ẹ̀sùn yìí, kò sí ilé ọkọ tí yóò tún gbà á. Omi ń bọ́ lójú Bernice, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń wò, ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, àtẹ́lẹwọ́ tó ń lọ sẹ́nu, tó ń bọ̀, tó ń lọ. Kò jókòó sí abẹ́ àtíbàbà yìí rí lọ́jọ́ iṣẹ́. Ilé ìwé tàbí ìdí iná ló máa ń wà.

Ó nu ojú rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ní ọ̀sẹ̀ tí mo fi wà l'Ọ̀tan, ta ló bá yín tọ́ obì wò?"

"Àbẹ̀ní ni," Oyèbísí dáhùn. "Eyín ń dùn mí."

Àbẹ̀ní gbé orí sókè nídìí ohun tó ń bó. Ó ní òótọ́ ni, òun ló ṣe é, òun kò sì jẹ́ gbà á ṣe mọ́ láéláé. Ó ní ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà oorun kò kun òun, àyà òun ń lù kìkìkì, òun sì fi pa mọ́ nítorí òun rò pé àìsàn Ìyá Túbọ̀sún ló ràn òun.

Obì wà lẹ́nu Oyèbísí nígbà tó gbọ́ ọ. Ó dáwọ́ dúró. Kò rún un, kò gbé e mì. Ó wo apá ọ̀tún rẹ̀, ó wo apá òsì, gbogbo obì tí eyín rẹ̀ ti bù lára láti àárọ̀ wà níbẹ̀ lórí àtẹ, wọ́n ń wò ó. Bí wọ́n bá kó èyí tó ti kúrò lára wọn jọ, yóò kún igbá. Ó rántí ọ̀nà Ọ̀rà, níbi tó ti jókòó sáàárín koríko lẹ́yìn tó tọ́ obì àwọn àgbẹ̀ wò tán.

Ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu, ó tu obì náà sí i. Ó yíjú sí Bernice.

"Ìyàwó, kí ni òyìnbó yẹn sọ nípa obì?"

"Ó ní bó bá jẹ́ pé ẹ máa ń jẹ ẹ́, kí ẹ má fi kan ẹnu mọ́ rárá, torí bóyá òun gan-an ló ń lé ọkàn yín sáré," Bernice ní. "Ó tún béèrè bóyá ó dá mi lójú pé ẹ kì í jẹ ẹ́. Mo ní ìyá ọkọ mi kì í purọ́."

Ohun tí ó fi kún un ní gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Oyèbísí ti wá ìsàlẹ̀ agbọ̀n yìí láti bí ọdún kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kàn án. Ojú tì í. Ojú tì í níwájú ẹbí ọkọ rẹ̀, níwájú ọmọ rẹ̀, àti níwájú Àbẹ̀ní tí yóò sọ ọ́ kiri ọjà. Òun kọ́ ni ẹni tí í bẹ ọmọdé, kò sì mọ bí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ti àtẹ obì sẹ́yìn pẹ̀lú ẹsẹ̀, ó ń wò ó bó ti máa ń wo àlejò tó ń rẹ́rìn-ín púpọ̀.

Ó sọ fún Àbẹ̀ní pé àwọn agbọ̀n tí òun ti yẹ̀ wò nìkan ni kó fi àkísà aláró so. Kó so àwọn tó kù lásán, kí awakọ̀ lọ́rì sì sọ fún àwọn Gàḿbàrí pé kí wọ́n tú u wò fúnra wọn. Àbẹ̀ní ní wọn yóò béèrè ohun tó ṣe eyín Ìyá Túbọ̀sún. Oyèbísí ní kó sọ fún wọn pé ó ti fẹ̀yìn tì.

Bàbá Babáyẹmí wúkọ́. Ó ní ẹjọ́ tí wọ́n dá ńkọ́, ṣé kí ìyàwó di ẹrù rẹ̀ ni?

Oyèbísí ní kí Bernice lọ gbé oúnjẹ ọ̀sán òun wá. Ọmọbìnrin náà dìde, ó gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ wá bó ti máa ń ṣe, ó gbé e kalẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ojú gbogbo wọn sì wà lára abọ́ náà. Oyèbísí wẹ ọwọ́. Ó jẹ òkèlè àkọ́kọ́, ó jẹ ìkejì, kò yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó jẹ ẹ́ níwájú olórí ẹbí, ó jẹ ẹ́ níwájú Ọlátúbọ̀sún tó ti gbé orí sókè wàyí, títí ó fi lá ìsàlẹ̀ abọ́. Lẹ́yìn náà ló na abọ́ òfìfo náà sí ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ó tẹ́," ó ní. "Bu ọbẹ̀ sí i."